Ogun Lọ́ńdọ́nù, Ọjà Ìbàdàn

Ní ọdún 1944, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí; bọ́ǹbù Jámánì tí kò ní awakọ̀ ṣì ń já lu ìlú tó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ọmọ Adélànà ti Ìkẹ́nnẹ́, ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1937 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ.

Ogun náà kò jà ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dé inú ọjà. Iyọ̀ wọ́n gógó, ṣúgà di àwátì. Ní Èkó, ìjọba amúnisìn fi òfin de iye tí wọn yóò máa ta gàrí, àwọn obìnrin ọjà tí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ń ṣíwájú wọn sì yarí. Nígbà tó di 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó wọn kò ká oúnjẹ mọ́. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Ìdòwú ń rà, tó ń tà, tó ń bọ́ ọmọ. Òwò ọkọ rẹ̀ ti wó ní ọdún mélòó kan ṣáájú, gbèsè sì ti wọ ilé, nítorí náà kò sí àpò kankan tó lè fẹ̀yìn tì. Àwọn òpìtàn a máa ka ìwé-ẹ̀rí tí ọkọ gbà. Àwọn tó ń ka ẹrù tí aya rù kò pọ̀ rárá.

Ọkọ di lọ́yà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1946, ó sì padà wálé.

Ìpínyà kejì ló le jù. Ní oṣù Keje ọdún 1963, Awólọ́wọ̀ wà ní àhámọ́, ẹjọ́ ìdìtẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, tí òun náà ti di lọ́yà, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìyá náà sunkún ọmọ láìsí ọkọ nílé. Síbẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń káàkiri ìlú, ó ń polongo ìbò fún ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní 1966. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kejì, òun ni kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀, ogun sì tún di ọ̀rọ̀ inú ilé wọn.

Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987 ni ọkọ kú ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tí àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn ku oṣù díẹ̀. Ìyá gbé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí i. Ó sin ọmọ méjì mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 lòun náà kú. Ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá ni wọ́n sin ín ní Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́ tí ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an.