Àjọkẹ́ Mi, Tún Lẹ́tà Náà Kọ



Mo ti ka lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, èyí tí o fẹ́ fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunilóorun ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Ṣùgbọ́n mo wá ọmọ mi níbẹ̀, n kò rí i.

Má bínú, ìyá mi. Ẹ̀rọ ló bá ọ kọ ọ́, àbí? Mo mọ̀. Ìwọ tí mo bí kò ní sọ pé òun “ní ìtara fún ìtọ́jú tó péye”. Ìwọ á ní, “Màámi, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò jẹ́ kí n sùn.” Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lára ẹ̀yin ọmọ ìwòyí nìyẹn. Ojú yín ń rí nǹkan, ọwọ́ yín ń ṣe nǹkan, inú yín sì dára. Àmọ́ tó bá ti di pé kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, ẹ ó sáré lọ bẹ ẹ̀rọ lọ́wẹ̀. Ṣé ẹ ò ní gbàgbé ohùn yín báyìí?

Ṣé o rántí bàbá àgbà yẹn? Òwúrọ̀ lo pè mí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ICU, ohùn rẹ ti há. O ní ẹ̀rọ ló ń bá bàbá mí, oògùn norepinephrine sì ń wọ ara rẹ̀ láti gbé ìfúnpá rẹ̀ ró. Ojú ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá ní kò séwu. Ṣùgbọ́n o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá, ó tutù bí omi àmù. Ìtọ̀ inú àpò ò lé sí i fún wákàtí méjì. O kò gba ohun tí ẹ̀rọ wí. O fi ọwọ́ tọ wáyà tó so bàbá mọ́ ẹ̀rọ náà láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìdí wáyà. Ìgbà yẹn lo rí i pé wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ohun kékeré tó ń ka ìfúnpá inú iṣan sì ṣì wà nísàlẹ̀, kò bá ọkàn bàbá dọ́gba mọ́. Nọ́ńbà tó ń ga lójú ẹ̀rọ, irọ́ ni. O gbé e síbi tó yẹ, òótọ́ sì yọ: ìfúnpá ti já wálẹ̀ gan-an. O pe dókítà, ẹ jọ dìde sí bàbá.

Kí ló dé tí ìyẹn ò sí nínú lẹ́tà, Àjọkẹ́? Iṣẹ́ akunilóorun gan-an lo ṣe lóru ọjọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n kùn lóorun ò lè sọ pé ó ń dun òun, kò lè ní òtútù ń mú òun. Ẹni tó jókòó síbi orí rẹ̀ ló máa bá a mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ìbàdàn, mo mọ iye èèyàn tó máa ń wo ojú ẹ̀rọ láì wo ojú aláìsàn. Ìwọ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Kọ ọ́ síbẹ̀. Má dárúkọ bàbá o.

Mo máa ń rántí Goldie Brangman, nọ́ọ̀sì akunilóorun bí èyí tí o fẹ́ dà. Nígbà tí wọ́n gún Martin Luther King ní Harlem lọ́dún 1958, obìnrin yìí wà lára àwọn tó du ẹ̀mí rẹ̀ ní Harlem Hospital. Ọwọ́ ló fi ń tẹ àpò èémí, tó fi ń bá ọkùnrin náà mí. Nígbà tó di 1973, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunilóorun Amẹ́ríkà. Oyè náà dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lórí àpò yẹn ni mo máa ń rò.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míísírì ńkọ́? C tí o gbà yẹn, o ń fi í pa mọ́ bí ẹni ń fi aṣọ bo egbò. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù á rí i. Máàkì sáyẹ́ǹsì ò lè fara pa mọ́ fún wọn. Forúkọ sílẹ̀, tún un ṣe, gba A, kí o sì sọ fún wọn pé o tún un ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa bo àṣìṣe. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí káàdì rẹ kò bá dára, abẹ́ matírẹ́ẹ̀sì ni mò ń kì í bọ̀ kí àlejò má bàa rí i. Mo tọrọ àforíjì. Tí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n bi ọ́ léèrè àṣìṣe tí o ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́, má ní kò sí. Ta ló fẹ́ gbé èémí rẹ̀ lé ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí lọ́wọ́?

Lọ ṣe ìdánwò CCRN yẹn náà, ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Ìbéèrè 150, wákàtí 3. Wákàtí iṣẹ́ 1,750 tí wọ́n ń béèrè, o ti kọjá a tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ò ti gbà ọ́ lọ́dún tó kọjá, tí o jókòó sínú mọ́tò tí o ń sunkún sí mi létí. Ẹkún yẹn ṣì ń dùn mí. Tún wá nọ́ọ̀sì akunilóorun kan kí o tẹ̀ lé e wọ tíátà. Má kàn lọ máa ka wákàtí fún fọ́ọ̀mù. Wo bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kí oorun tó gbé e lọ.

Láti 2022, dókítọ́réètì ni gbogbo ẹni tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ akunilóorun níbẹ̀ ń kà, kò sì dín ní ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣeé pa pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, dá a dúró láti oṣù tó ń bọ̀, kí o máa tọ́jú rẹ̀. Mi ò bínú rárá. Páànù tó ń jò, mo ti gbé bàsíà sí abẹ́ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, tọ́mátì ẹ̀yìnkùlé sì ń so.

Tí o bá ti sùn dáadáa lọ́jọ́ Sátidé, jókòó kí o kọ ti bàbá ẹlẹ́sẹ̀ tútù. Kọ ọ́ ní Yorùbá ná, bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí o tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Pè mí, kí o kà á sí mi létí. Aago márùn-ún ìdájí ni màá ti jí, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ìyá rẹ.