Gílóòbù Bàbá Ríwáyà

Ẹni tí kò tíì gbé ìlú olótùútù rí lè má mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà tó ní híta nínú táǹkì. Èmi náà kò mọ̀ nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo wá bá bàbá mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni mo ti rí i pé híta kékeré yìí lè gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ó fi ń fa tírélà kékeré, ó ń bá àwọn ènìyàn kó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lóde òní ní táǹkì méjì: ọ̀kan fún dísẹ́ẹ̀lì, èkejì fún omi kan tí wọ́n ń pè ní DEF. Yúríà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí ajílẹ̀, ni wọ́n pò mọ́ omi mímọ́ gaara. Nínú ìdá 100, yúríà jẹ́ 32.5, omi ni ìyókù. (Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ da ajílẹ̀ oko sínú táǹkì o, ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò ba nǹkan jẹ́.) Ọkọ̀ ń fín in sínú sàlẹ́ńsà kí èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní nitrogen oxide lè di nitrogen lásán àti ooru omi. Ohun tó dára ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n omi náà máa ń dì tí òtútù bá ti dé -11°C, òtútù Minnesota ní oṣù kìn-ín-ní ọdún sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí híta oníná fi wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, iná ìkìlọ̀ tàn nínú ọkọ̀ bàbá mi. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní àléébù wà lára híta, tí a kò bá sì tún un ṣe, òun yóò dín eré ọkọ̀ kù. Ó ń ka máìlì tó kù fún wa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bí olówó èlé. Ọkọ̀ tí kò lè sáré kò lè wọ títì márosẹ̀, èyí tí kò bá sì wọ márosẹ̀ kò lè gbé ẹrù. Owó ilé wa wà lórí ẹrù yẹn, owó ilé-ìwé àbúrò mi n'Íbàdàn náà sì wà níbẹ̀.

Ilé mẹkáníìkì kan so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọn, wọ́n rí kóòdù P20B9. Wọ́n ní híta ti kú, odindi táǹkì la máa pààrọ̀ nítorí inú rẹ̀ ni híta wà. Iye tí wọ́n pè lé ní 1,500 dọ́là. Bàbá mi dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn.

Mo lọ ka ìtumọ̀ kóòdù náà. Kò sọ pé híta kú. Ohun tó sọ ni pé àléébù wà ní ọ̀nà tí iná ń gbà dé ara híta. Ọ̀nà náà sì gùn: fíúùsì wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, ojú ìsopọ̀ wà níbẹ̀, híta fúnra rẹ̀ ló wà ní ìparí. Tí iná bá lọ nínú ilé, ta ló máa kọ́kọ́ sáré lọ ra fíríìjì tuntun? N kò pe àwọn mẹkáníìkì yẹn ní òpùrọ́. Híta máa ń kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì wọ̀n ọ́n.

Bàbá mi pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe ríwáyà ní Mushin fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó wá síbí. Bàbá Ríwáyà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n dé láàárọ̀ Sátidé, nínú òtútù -20°C, pẹ̀lú mítà àti gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ti so wáyà méjì mọ́. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn.

Fíúùsì kò já. Wọ́n yọ ojú ìsopọ̀ híta lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní kí n fi mítà wọn híta.

"Kí lo rí?"

"Óòmù méjì, sà."

"Tó bá ti já nínú ńkọ́?"

"Mítà ò ní rí nǹkan kan, sà."

Mo ṣe ìṣirò tí olùkọ́ físíìsì kọ́ wa: fóltì 12, pín in sí óòmù 2, ó di ámípíà 6. Híta wà láàyè.

Bàbá mi fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré tí a yá pàṣẹ kí iná lọ sí híta. Mo fi mítà kan ojú ìsopọ̀ tó ń gbé iná bọ̀: fóltì 12.4. Híta pé, iná pé, kí ló wá kù? Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń jọ̀wọ́ ara wọn, tí wọ́n á lọ ra táǹkì.

Bàbá Ríwáyà rẹ́rìn-ín. "Mítà kì í jẹun," wọ́n ní. "Ẹni tó ń jẹun ni kó o gbé wá."

Wọ́n so gílóòbù wáàtì 55 yẹn mọ́ ibi tí mo fi mítà kàn. Ó kàn pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú ni. Mo tún fi mítà kàn án bí gílóòbù ṣe wà níbẹ̀: fóltì 4 péré. Fóltì 8 ti sọnù sójú ọ̀nà.

Mítà kì í fa iná tó nǹkan, nítorí náà wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo lè fi 12 hàn án. Gílóòbù fẹ́ fa bí ámípíà mẹ́rin ààbọ̀, fọ́nrán kan kò sì lè gbé e. Bí páìpù omi tó dí ló rí. Tó o bá fi ìka dí ẹnu ẹ̀rọ omi, omi á ti ìka rẹ. Gbé garawa sí i, kó o rí bí yóò ṣe máa kán tó, tó, tó.

Wọ́n wá fa wáyà pọ́sítíìfù tààrà láti ara bátìrì wá sí gílóòbù, wọ́n fi nẹ́gẹ́tíìfù ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Gílóòbù là kedere. Nẹ́gẹ́tíìfù bọ́ nínú ẹjọ́. A wá ń fi ọwọ́ tọ wáyà pọ́sítíìfù lọ láti ìdí táǹkì. Níbi tí kílíìpù ti dè é mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, rọ́bà ara rẹ̀ wú díẹ̀, ihò bíi ti abẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Bàbá Ríwáyà ní ó jọ pé ẹnì kan ti fi ẹnu téstà gún un rí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì láti fi yọ́ yìnyín ti bá ihò náà wọlé. Nígbà tí wọ́n là á, bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Fọ́nrán méjì ló kù.

Wọ́n gé e títí wọ́n fi kan bàbà tó ń dán, wọ́n fi wáyà tuntun sí i, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, wọ́n sì fi rọ́bà tó máa ń sún kì mọ́ wáyà bò ó. Bàbá mi na téèpù sí wọn, wọn ò gbà á. Gílóòbù tàn gbòò. A dá híta padà, a pa kóòdù rẹ́, a wá dúró nínú òtútù tí à ń wo ojú ẹ̀rọ ayẹ̀wò: -18, -16, -13. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ó fi kọjá -11.

Bàbá Ríwáyà kọ̀ láti gba owó, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni wọ́n ní ká sè fún àwọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè bàbá mi gbé ẹrù jáde. Mo bẹ Bàbá Ríwáyà pé kí wọ́n fún mi ní gílóòbù yẹn. Wọ́n ní kí n lọ wá tèmi níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù.