Tírébù Mi Kò Ga Jù

Ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́ ló bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí tírébù yín máa ń ga tó báyìí?" Ó ti gbé processor rẹ̀ sórí tábìlì, ó ti na máìkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sáàárín ilé. Ariwo kan sì ń jáde lẹ́nu sípíkà méjèèjì, ṣàà, bí òjò lórí páànù. Kí n tó jókòó dáadáa, ẹ̀rọ ti to ohùn tán, iṣẹ́ tí mo máa ń fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe.

Ọ̀gá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Equalizer wọn ní eyín 31 tí à ń tì sókè sílẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó wọn ni wọ́n fi sàmì sí i, pupa fún inú gbọ̀ngàn, funfun fún ìta gbangba. Bí a bá dé Igbótako tàbí Ìlútitun, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dákẹ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí máìkì bá ń hu, wọn kì í sáré. Wọ́n á fi ẹnu hu ohùn náà padà, ọwọ́ wọn á sì bọ́ sórí eyín tó ń ṣe é. Bí a bá gbé ìlù Àṣíkò Ìkálẹ̀ ti Comfort Omoge sí i tí àyà arúgbó tó jókòó sẹ́yìn pátápátá kò gbọ̀n, wọ́n á ní a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọmọ ta equalizer náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Igbó Kọdà ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ kan péré!

Kásẹ́ẹ̀tì lọ, síìdì dé, síìdì lọ. Òkìtìpupa wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹnẹrétọ̀ di ìyàwó kejì.

Ọmọ yìí ló sọ fún mi pé láti 1972 ni ará Amẹ́ríkà kan, George Massenburg, ti ṣàlàyé equalizer tí wọ́n ń pè ní parametric: o yan ohùn tí o fẹ́, o yan bó ṣe máa fẹ̀ tó, o gbé e sókè tàbí o fà á wálẹ̀. N ò ní purọ́, ó wù mí. Bí o bá fa eyín tiwa wálẹ̀, yóò fa ará ilé rẹ̀ dání. Èyí ń ṣa ohun tó bàjẹ́ nìkan, bí ẹni ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ máa dá a ṣe? Níbi òkú kan ní Òde-Ìrèlè, àárọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ohùn ibẹ̀, kánópì ṣófo, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Ó ka ariwo yẹn kún béèsì, ó gé béèsì. Ọ̀sán dé, èrò kún, aṣọ òkè àti gèlè gbé tírébù mì. Kò sí ìsàlẹ̀, kò sí òkè. Ta ni wọ́n sáré wá pè?

Ìdí tí tèmi fi ń ga nìyẹn. Mo ṣe é sílẹ̀ de aṣọ èèyàn. Àwọn tó ń sọ kiri pé fèrè orí mọ́tò ti ba etí mi jẹ́ kò mọ iṣẹ́.

Ọmọ náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ilà tó fi ya ohùn tí mo tò tẹ́ títí dé 6,000 Hz, lẹ́yìn náà ó gun òkè. Mo ní aṣọ ni. Ó ní, "Ọ̀gá, àwa méjì péré ló wà níbí."

Ó tẹ nǹkan kan, ó ní kí n sọ bí mo bá ti ń gbọ́ ọ. Mo dúró. Ajá kan ń gbó lójú títì. Ó ń wo ojú mi.

"Ó ti ń dún, Ọ̀gá."

Mo ní mo mọ̀.