Ilé Rẹ́ǹtì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbó Ọba

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Prince George's County ló ń wa ọkọ̀ kọjá lára igbó lójoojúmọ́ láì yà síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé apá Laurel, Beltsville àti Greenbelt, níbi tí ìdílé ti lè rẹ́ǹtì ilé ládùúgbò tó dákẹ́, tí igbó ọba sì wà nítòsí.

Tí ẹ bá ti Washington bọ̀ lójú títì Baltimore-Washington Parkway, tí ẹ yà sí Powder Mill Road lápá ìlà-oòrùn, bíi máìlì 2 péré ló kù sí ẹnu ọ̀nà igbó Patuxent. Ààrẹ Franklin Roosevelt ló dá a sílẹ̀ ní 1936 fún ìwádìí nípa ẹyẹ àti ẹranko. Ó lé ní éékà 12,000, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé.

Ó lé ní 50 ọdún tí wọ́n fi sin ẹyẹ whooping crane níbẹ̀, ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó kù díẹ̀ kó run tán. Àwọn tó ń tọ́ ọmọ ẹyẹ náà á wọ aṣọ funfun tó bo gbogbo ara, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ létí rẹ̀, kó má baà rò pé èèyàn lòun. Wọn ò fẹ́ kó gbàgbé irú ẹni tó jẹ́ nítorí pé àlejò ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí, ṣé ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan nìyẹn?

Greenbelt náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ; 1937 ni àwọn ìdílé àkọ́kọ́ kó wọlé, rẹ́ǹtì sì ni wọ́n ń san. Wọ́n fi igbó yí ìlú ká, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba abẹ́ títì kọjá kí mọ́tò má baà pa ọmọdé lára. Aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ìkọ́lé náà, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbébẹ̀. Ó di 1968 kí òfin àpapọ̀ tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tijú pé òun ń rẹ́ǹtì ládùúgbò yìí. Wọ́n jà kó tó ṣeé ṣe.

Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tí onílé gbà láti fi ilé náà rẹ́ǹtì. Láti October 1, 2024, owó ìpamọ́ tí onílé ń gbà lórí àdéhùn tuntun ní Maryland kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 1 lọ, àyàfi ní ìgbà díẹ̀. Tí ẹ bá kó jáde, ó ní ọjọ́ 45 láti dá a padà, kó sì ṣàlàyé ohunkóhun tó bá yọ nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé.

Igbó náà ní tirẹ̀. Àgbọ̀nrín á jẹ ẹ̀fọ́ yín mọ́lẹ̀ tí ẹ ò bá ṣe ọgbà yí i ká, ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ní October àti November, ẹ rọra wakọ̀ lálẹ́, torí wọ́n á máa já lu títì. Eégbọn ara wọn lè kó àìsàn Lyme ranni. Tí àwọn ọmọ bá ti igbó dé, ẹ yẹ ẹ̀yìn etí, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún wọn wò. Tí ara ọmọ bá pọ́n tàbí tó gbóná lẹ́yìn náà, ẹ tètè gbé e lọ rí dókítà.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé la rẹ́ǹtì o, a ò rẹ́ǹtì ọmọ. Ẹ mú wọn rìn nínú igbó yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ pe ẹyẹ, igi àti odò fún wọn lédè wa, kí wọ́n pè é tẹ̀ lé yín. Onílé ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí.

Ilé tí a wọ̀ á tura fún wa o. Àmín.