Ọ̀pá Ìpẹja Ìyá Onílé Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìpẹja kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó wá kọ́ èmi olùkọ́ ní ìtumọ̀ òwe náà.

Ní ọdún 1986, mo wà ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ilé tí mo gbà kò jìnnà sí odò Batten Kill, odò tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn tí ń fi ìwọ̀ pa ẹja tráòtì. Opó arúgbó kan ni ó ni ilé náà. Ọkọ wọn ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú, ó sì fi ọ̀pá ìpẹja kan tí a fi ọparun ṣe sílẹ̀. Ìyá yìí ń fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn, ọmọkùnrin ọdún méjìlá, fi ọ̀pá náà pẹja ní oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán. Ṣùgbọ́n fáníìṣì ara rẹ̀ ti sán, ó sì ti ń bó. Nítorí pé wọ́n ti rí mi níbi tí mo ti ń kun àga kan, wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn tún un ṣe. Mo dáhùn pé kò ṣòro rárá. Ṣebí káfíńtà ni bàbá mi ní Ìbàdàn? Inú òórùn fáníìṣì ni a bí mi sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ohun tí ọ̀pá yìí jẹ́, nítorí pé kì í ṣe irú ọparun tí àwa fi ń gbé dẹ́kìn ró nígbà tí a bá ń kọ́lé. Ìpínlẹ̀ Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ọparun rẹ̀ ti ń wá. Àwọn oníṣẹ́ a là á sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a fá ọ̀kọ̀ọ̀kan di onígun mẹ́ta, wọn a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ mẹ́fà pọ̀ kí ó di ọ̀pá onígun mẹ́fà tí orí rẹ̀ tínrín ju ìdí rẹ̀ lọ. Samuel Phillippe, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Easton ní Pennsylvania, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lẹ ọparun pọ̀ báyìí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1840. Hiram Leonard ti ìlú Bangor ní Maine ni ó sọ ọ̀pá onígun mẹ́fà di òwò gidi ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de òwò pẹ̀lú Ṣáínà ní ọdún 1950, ọparun náà di ọ̀wọ́n, ọ̀pá oní-fibreglass sì gba ọjà.

Inú àwọn iṣan tí ó wà lẹ́bàá èèpo ọparun ni agbára ọ̀pá náà wà. Fáníìṣì kò fi agbára kankan kún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí omi wọlé, kí ó sì dáàbò bo òwú sẹ́dà tí a fi so àwọn òrùka wáyà mọ́ ọ̀pá, àwọn òrùka tí okùn ìwọ̀ ń gba inú wọn kọjá. Èyí ni èmi ọmọ káfíńtà kò mọ̀.

Mo lọ ra polyurethane, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé wákàtí díẹ̀ ni yóò fi gbẹ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún nípọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kan, nínú iyàrá abẹ́ ilé tí ó kún fún ọ̀rinrin àti eruku. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ọ̀pá ti wú ní kéékèèké bí ara tí omi gbígbóná jó. Ojú tì mí. Mo mú sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á láti ìdí. Kò pẹ́ tí mo rí i pé lẹ́búlẹ́bú tí ń já bọ́ kì í ṣe ti fáníìṣì nìkan mọ́. Igun kan lára igun mẹ́fà náà ti ń di róbótó. Ọkàn mi já. Mo jáwọ́, mo sì gbé ọ̀pá náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ń tún irú rẹ̀ ṣe.

Bàbá náà wo ibi tí mo ha. Wọ́n ní a lè kun fáníìṣì nígbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọparun tí mo ti ha dànù, kò sí ẹni tí yóò dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ irú ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Orvis ní Manchester ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi oje bakelite rin wọ inú ọparun, èyí tí kò nílò fáníìṣì lára. Ti ìyá onílé mi kì í ṣe irú rẹ̀. Èkejì ni yíyan fáníìṣì. Polyurethane kì í ṣe ohun búburú lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ó le, bíbó rẹ̀ sì nira. Fáníìṣì tí wọ́n ń fi kun òpó ọkọ̀ ojú omi ni bàbá yàn. Òpó ọkọ̀ a máa tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì máa jẹ oòrùn. Nítorí náà fáníìṣì rẹ̀ a máa bá a tẹ̀ láìsán. Bí ó bá sì gbó, a lè ṣí i kúrò láìpa ọparun lára.

Ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí kò mú ni a fi rọra họ ohun tí mo ti kùn. A tú òrùka gbogbo kúrò, a sì fi téèpù bo irin ìsopọ̀ rẹ̀. A ti ọ̀pá bọ inú páìpù gígùn kan tí ó dúró ṣánṣán, tí fáníìṣì kún inú rẹ̀, a sì ń fà á jáde ní íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá yára fà á, yóò nípọn, yóò sì ṣàn. A fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, a fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ fọwọ́ bà á pẹ̀lú omi, a sì tún un rì. Lẹ́yìn náà ni a tún fi òwú sẹ́dà pupa so àwọn òrùka, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún, òwú náà sì di àwọ̀ osùn. Odidi oṣù kan ni a fi ọ̀pá náà kọ́ kí a tó dá a padà sínú àpò aṣọ rẹ̀, nítorí pé bí fáníìṣì kò bá tíì gbẹ dénú, ojú aṣọ yóò hàn lára rẹ̀.

Mo sọ òtítọ́ fún ìyá onílé mi, mo sì fi ibi tí mo ha hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni ọkọ wọn máa ń dì mú bí ó bá ń ti odò bọ̀. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin, ọmọ náà ju okùn sínú odò. Orí ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun, ó sì tún nà. Fáníìṣì náà kò sán. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo dúró sí, ojú mi kò kúrò ní ìdí ọ̀pá.

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé, bí mo bá mú báírò pupa láti tún àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi léèrè bóyá fáníìṣì ni mo fẹ́ họ, tàbí ọparun.