Níbo Là Ń Lọ Nínú Òjò Yìí?

Ẹgbẹ́ wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́rùn. Ní ìpàdé tá a ṣe lẹ́yìn ìdánwò, a ti fẹnu kò pé a máa rin ìrìn-àjò kan kí sẹ̀mẹ́sítà tuntun tó wọlé, ká lè fojú ara wa rí nǹkan tá a ó kọ ewì lé lórí, ká yéé máa kọ nípa òṣùpá tá ò gbójú sókè wò rí. Owó wà níwọ̀nba. Ibi tá a máa lọ ló kù. Ni ààrẹ ẹgbẹ́ bá ní, "Ìwọ ọmọ Òrè, ìdíkọ̀ ni wọ́n kúkú bí ẹ sí. Bá wa yan ibi tó dáa." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa.

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Bìní tàbí ìhà ilẹ̀ Ìbò rí, ó mọ Òrè. Ọ̀dọ̀ wa ni dírẹ́bà ti máa ń dúró kí èrò jẹun, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n ra búrẹ́dì. Tí wọ́n bá ti wọ mọ́tò padà, ó tán nìyẹn. Orúkọ Odígbó gan-an tí ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ ọ rí. Àwọn àgbà a máa sọ pé "Ó le kú, ìjà Òrè." Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìhà Bìní wọlé, tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọn ò sì lè kọjá ibẹ̀. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa, àárín ìgbà òjò ni. Èmi a máa ronú pé láti ìgbà náà ni ìrìn-àjò ti ń há sí ìlú wa.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ kí n tó tẹ̀ síwájú. Kí wọ́n tó sọ pé kí n yan ibì kan ni mo ti yàn nínú ọkàn mi. Ayétòrò ni, nílẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun. Àwọn onígbàgbọ́ Aládùúrà ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni wọ́n ń kó owó sí, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná ní ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ń jẹ ẹ́. Ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé òpópónà lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún. Mo fẹ́ rí i kó tó tán. Ewì rẹ̀ ti wà lórí mi, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò tíì rí.

Àmọ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹnì kan ní Òṣogbo ló yẹ ká lọ, torí oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, ó sì ti pẹ́ tá a ti ń kà nípa igbó yẹn nínú kíláàsì. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Òmíràn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti ìpele dé ìpele, méje ni wọ́n ń ka. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ jọ́gíráfì ní Lókója ni, ká lọ wo ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ẹnì kan tún rọra sọ Ìdànrè látẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo wálé sí Òrè ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Màámi ń ṣe búkà nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ìrẹsì, iyán, ẹ̀bà. Mo ń bá wọn ta ẹ̀gúsí síta nínú oòrùn díẹ̀ tó yọ láàárọ̀ ni mo bá bi wọ́n léèrè pé níbo lèèyàn lè lọ nínú òjò báyìí. Wọn ò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní kí n má tíì ta á tán, òjò ń bọ̀ lọ́sàn-án. (Ó sì dé lóòótọ́. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: àárọ̀ á mọ́, oòrùn á mú, ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti dà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò nígbà òjò, kó gbéra kí àkùkọ tó kọ.)

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ìtàn tí mo ti ń gbọ́ lábọ̀ lábọ̀ láti kékeré, wọ́n sì sọ ọ́ tán lọ́tẹ̀ yìí.

Oṣù keje ọdún 2001 ni. Ilé-ìwé gíga kan ní Bìní ti gbà wọ́n wọlé láti kọ́ nípa oògùn òyìnbó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbéra ní Ọjọ́rú, láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n rò pé ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí òbí tó ń gba ọ̀nà yẹn láyé ìgbà náà, ẹ bi wọ́n léèrè bí ọ̀nà Òrè sí Bìní ṣe rí tí òjò bá ti rọ̀. Ọ̀dà ti ṣí kúrò, kòtò inú rẹ̀ tó gbé mọ́tò mì. Tírélà kan á rì, èkejì á fẹ́ yà á sílẹ̀, òun náà á rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀nà á sì dí títí di ìgbà tó bá wu Ọlọ́run. Nítòsí Ọ̀fọ̀sù ni bọ́ọ̀sì tiwọn há sí. Wọ́n sun Ọjọ́rú mọ́jú nínú mọ́tò. Wọ́n sun Ọjọ́bọ̀ mọ́jú. Gààrí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ ó máa mu, àwọn èèyàn ń bímọ, àwọn èèyàn ń jà, àwọn kan ń kọrin ìyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni dírẹ́bà rí ọ̀nà yí orí mọ́tò padà, ó sì já wọn sí Òrè.

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ fún wọn lómi gbígbóná wẹ̀. Gbogbo aṣọ wọn ti di ẹrẹ̀. Ìyá náà yá wọn ní ìró kan.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó dé Bìní. Wọ́n ti pa ìwé dé. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n ṣàlàyé òjò. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní gbogbo èèyàn ni òjò rọ̀ lé lórí.

Nígbà tí wọ́n ń padà, ojú ń tì wọ́n láti lọ sílé, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òrè láti dá ìró olóore padà. Ìyá olóúnjẹ yẹn ní ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ọmọkùnrin yẹn ni bàbá mi. Ìdí tí mo fi ń pe ara mi lọ́mọ òjò nìyẹn, ó sì ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ wọn nínú ẹ̀gúsí. Èmi ni mo wà ní yunifásítì.

Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà òjò ò burú fún ìrìn-àjò o. Ibi tí wọ́n ti ń fi aago retí rẹ ni kí o má lọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà sọ́gbà, mo sì fi wọn gbogbo ibi tí wọ́n dárúkọ. Ọdún Ọ̀ṣun ní ọjọ́ tiẹ̀. Tí mọ́tò yín bá kú sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà, arugbá ò ní dúró dè yín. Ti Lókója yà mí lẹ́nu jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òjò tí ò rọ̀ lójú ẹni náà lè dínà mọ́ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo ọ̀nà Lókója sí Àbújá, mọ́tò tò rẹrẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kì í ṣe òjò Lókója nìkan. Odò méjèèjì ń kó omi bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, títí kan èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n sé odò mọ́ ní Lagdo ní Kamẹrúùnù. Èèyàn tó lé ní 600 ló kú ní Nàìjíríà nínú ìkún omi ọdún yẹn. Ẹni tó ń lọ síbi tí odò ti ń pàdé ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kó béèrè nípa òkè odò, kó má wo ojú ọ̀run orí ẹ̀ nìkan. Ọ̀rẹ́ mi oní-jọ́gíráfì kò jiyàn. Ó kàn ní ní Kérálà nílẹ̀ Íńdíà, òjò gan-an ni wọ́n fi ń polówó ìlú wọn fún àlejò. Mo ní kó lọ san owó ọkọ̀ wa débẹ̀.

Ti Erin-Ìjẹ̀ṣà ṣòro fún mi láti sọ pé rárá. Ìgbà òjò ni omi yẹn lẹ́wà jù, àmọ́ ohun tó ń fún un lẹ́wà náà ló ń mú kí òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa yọ̀. Méjì nínú wa ò lè lúwẹ̀ẹ́, mo sì mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa: ẹnì kan á fẹ́ ya fọ́tò.

Bí a ṣe lọ sí Ìdànrè nìyẹn, ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún gbéra ní oṣù kẹsàn-án. Òkúta ò lọ síbì kankan. Tá a bá pẹ́, á ṣì wà ńbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra, a gba Àkúrẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn kí oòrùn tó le. Àwọn ará ìlú ti gbé lórí òkè náà láìmọye ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1896. Mo dúró nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, mò ń ronú pé ta ló ń gun òkè yìí lójoojúmọ́ nítorí a-b-d.

Ẹ má rò pé ìsinmi òjò gbà wá. Ó ká wa mọ́ òkè. Wákàtí méjì la fi dúró lábẹ́ òrùlé ààfin, omi ń ṣàn lórí àpáta bíi pé wọ́n da wàrà sí i. Ewì tó wà lójú ìwé tó tẹ̀ lé èyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́, òjò ló pa lẹ́tà kan rẹ́ nínú ìlà kẹta. Kò sẹ́ni tó wo aago. Dírẹ́bà wa ń sùn nísàlẹ̀.

Àmọ́ Ayétòrò ò kúrò lọ́kàn mi. Òfin Màámi ò ṣiṣẹ́ fún un, bí mo ṣe yí i ká títí. Ibẹ̀ ò fi aago retí mi, síbẹ̀ tí mo bá pẹ́, mo pàdánù. Nígbà tí mo tún wálé, mo sọ fún wọn. Mo ní nínú òjò, omi tó wà láàárín Igbókọ̀dà sí ibẹ̀ ń bani lẹ́rù, òkun sì ń ru. Tí n bá sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹ́kù.

Wọ́n ń ro ọbẹ̀. Láti ọdún 2001, Màámi ò tíì kọjá Ọ̀fọ̀sù mọ́. Ọjà Oǹdó ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà.

Wọ́n bo ìkòkò. Wọ́n ní, "Oṣù kejìlá dáa, ilẹ̀ á ti gbẹ." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni méjì ní Igbókọ̀dà?"