Ọ̀bẹ Inú Àpò Mi

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé ní ìlú London, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹbí wa kan fún mi ní ọ̀bẹ kékeré kan. Bí a bá ti ti bọ́tìnì ara rẹ̀ síwájú, sípíríǹgì yóò ta ojú ọ̀bẹ jáde láti iwájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí mo lè fi ọwọ́ kan ṣí i nígbà tí mo bá gbé ọmọ. Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta tú àpò mi, ó sì ti bọ́tìnì náà. Díẹ̀ ni ó kù kí ó gún un lójú!

Baálé mi sọ fún mi pé láti ọdún 1959 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka títà irú rẹ̀ léèwọ̀, àti pé láti ọdún 2021, a kò gbọdọ̀ ní i nínú ilé pàápàá. A kó o fún àwọn ọlọ́pàá.

Èyí tí mo fi ń bó ọsàn nísinsìnyí, èékánná ni mo fi ń ṣí i. Ojú rẹ̀ kò tó íǹṣì 3, kò sì ní ohun tí ń há a bí ó bá ṣí. Èyí ni òfin gbà láti mú rìn. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀bẹ tí kò yá ọmọdé lọ́wọ́ láti ṣí ni kí ẹ yàn.